Nítorí Ojú Tí Ń Ríran Bàìbàì

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa, láti Mápó dé Bẹẹrẹ, ni ojú wọn ń ríran bàìbàì, tí wọ́n sì ń wí pé, “Ogbó ni.” Ẹ jẹ́ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀.

Èkíní, bí ènìyàn bá ti tó ẹni 40 ọdún, awò inú ẹyinjú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nígbà náà ni oníṣòwò Ọjà'ba ń na ìwé owó jìnnà sí ojú, tí aránṣọ Beyerunka sì ń bẹ ọmọdé kí ó bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Awò ojú tó fún èyí.

Èkejì, awò inú ẹyinjú náà a máa di funfun bí ìkùukùu. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń yọ ọ́, a ó sì fi awò àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, bí Harold Ridley ti kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1949. Ẹ sá fún àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun náà wọ inú ojú: wọ́n ti fọ́ ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni glaucoma, tí kì í sábà dunni. Ìríran tí ó bá ti mú lọ kò padà mọ́. Ìyókù ni ìtọ́jú lè dá sí. A sì máa rìn nínú ìdílé.

Awò ojú orí àtẹ kò lè fi èkejì àti ẹ̀kẹta hàn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ti lé ní 40 ọdún lọ yẹ ojú wò ní U.C.H., tí a ṣí ní ọdún 1957, tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú mìíràn. Bí ojú bá ti fọ́ tán, owó ọjà kò lè rà á padà.