Ẹni tí ìfun ń dùn, kí ló yẹ kó wò lẹ́yìn páálí oúnjẹ?

Nínú ilé àwa Mùsùlùmí, wíwo ẹ̀yìn páálí kì í ṣe nǹkan tuntun. Bí a bá rí E471, a ó béèrè bóyá ọ̀rá ẹran ni wọ́n fi ṣe é àbí epo. Ṣùgbọ́n E466 àti E433 lè wà nínú ìlà kan náà, ojú wa a sì fò wọ́n. Àwọn yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní Crohn's disease tàbí ulcerative colitis.

Nínú àìsàn méjèèjì, àwọn ọmọ ogun inú ara ló ń kọjú ìjà sí ìfun, tí ìfun fi ń wú, tó ń ṣe egbò. Ìgbẹ́ gbuuru kò ní lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, ara ń rù. Jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè é, wọn a sì máa da àgbo tí ń ṣí inú lé egbò lórí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìfun náà wò kí ẹ tó fún un lórúkọ.

Iṣẹ́ E466 àti E433 ni kí omi àti ọ̀rá má baà yapa nínú oúnjẹ bí áísìkiriìmù. Ohun kan wà tó ń yọ̀ bí ilá, tó bo ara ìfun, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí kàn án. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ fún eku ní méjèèjì jẹ. Ààbò náà fẹ́lẹ́, ìfun àwọn eku tí àbùkù ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ sì wú. Ní 2022, wọ́n dán E466 wò lára ènìyàn: àwọn 16 tí ara wọn le ni wọ́n lò, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní gíráàmù 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ 11. Àwọn kòkòrò inú ìfun wọn yí padà. Ìwọ̀n yẹn pọ̀ o, àwọn ènìyàn náà kò sì tó nǹkan, nítorí náà a kò ní sọ pé áísìkiriìmù ló ń fa àìsàn yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé kí aláìsàn dín oúnjẹ inú páálí kù.

Oúnjẹ lágbára lóòótọ́: àwọn ọmọdé tó ní Crohn's máa ń mu oúnjẹ olómi nìkan fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lábẹ́ ìtọ́jú dókítà, ìfun ọ̀pọ̀ wọn a sì rọlẹ̀. Ní tilé wa, bí inú bá ń ru, ẹ̀kọ rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju àgbàdo sísun àti ẹ̀pà lọ. Ẹ má ṣe tìtorí oúnjẹ pa oògùn tì.

Bí Ramadan bá dé tí àìsàn náà sì gbóná, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun, kó san án padà nígbà tí ara bá yá.