Omi gbígbóná tí kò gbọdọ̀ ṣòfò: iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná abẹ́ ilẹ̀

Kí ilé-iṣẹ́ mànàmáná Egbin tó dé l'Ékòó, Ijora ni. Ní 1923 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé-iṣẹ́ mànàmáná sí Ijora, lẹ́bàá Apapa. Èédú Enugu ni wọ́n fi ń se omi níbẹ̀. Gáàsì ni Egbin fi ń se tirẹ̀. Ète kan náà ni: kí omi hó, kí ooru rẹ̀ yí tọ́báìnì.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá àwọn ará Kenya se tiwọn. Ní Olkaria, wọ́n gbẹ́ kànga dé ibi tí omi ti gbóná ju digirí 200 lọ. Ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún ni kì í jẹ́ kó hó. Bó bá ti gòkè, tí ẹrù náà fúyẹ́, apá kan á di ooru lójijì nínú àgbá kan, ó di ọ̀dọ̀ tọ́báìnì. Mẹ́gáwáàtì 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Lónìí, irú iná yìí tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 iná Kenya.

Àléébù rẹ̀ ni pé nínú ooru 100 tó bá jáde, nǹkan bíi 12 ló ń di iná. Ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ l'Ajegunle lè ní kí ló kàn wọ́n, ṣebí ọ̀fẹ́ ni ooru ilẹ̀. Kànga kì í ṣe ọ̀fẹ́: ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń darí omi tó ṣẹ́ kù sínú àgbá kejì tí ìtẹ̀ inú rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, kó tún hó láìsí iná lábẹ́. Èyí lè fi ìdá 15 sí 25 nínú 100 kún iná tí kànga kan náà ń mú wá. Ní Wairakei, ní New Zealand, láti 2005 ni wọ́n ti ń fi omi àṣẹ́kù se olómi mìíràn tó tètè ń hó. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n o. Òkúta ti yọ́ mọ́ omi yìí. Bó bá tutù jù, á lẹ̀ mọ́ páìpù bí ẹfun inú kẹ́tù, páìpù á sì dí.

Èkó kò lè ní irú rẹ̀. Ìsun omi gbígbóná Ikogosi ní Ekiti tí a fi ń yangàn pàápàá, gbígbóná rẹ̀ kò tó ti omi híhó. Iyanrìn àti amọ̀ ló sì wà lábẹ́ Apapa. Ọgbọ́n rẹ̀ nìkan la lè yá. Ẹ̀yin ẹnjiníà tí ẹ ń tọ́jú bọ́ílà ní Apapa, ẹ gba ooru inú omi yín tán kó tó dé gọ́tà.