Ọnà Ara Ògiri Ilé Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Láì Bà Á Jẹ́

Ní Ilé-Ifẹ̀, a ṣì ń rí àwọn ilé pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí bíríkìlà fi òdòdó, ewé àti òpó ṣe ojú wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú ní ilẹ̀ Brazil padà dé sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n kó iṣẹ́ náà wá. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn baba wa ní ìlú òkè náà kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cordelia Osasona ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ ìwé lórí ọnà ara ilé Yorùbá ní ọdún 2005.

Omi ni ọ̀tá ọnà yìí. Ògiri amọ̀ ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí páànù bá ń jò, amọ̀ á wú, ohun tí a rẹ́ mọ́ ọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré fi sìmẹ́ńtì nínípọn bo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì líle kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa bàjẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí a tún òrùlé ṣe, kí a sì darí àgbàrá kúrò lẹ́sẹ̀ ilé. Èkejì, kí a ya fọ́tò ọnà náà, kí a sì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta, bí òdòdó kan bá fọ́, kí a ṣe mọ́ọ̀dù lára èyí tí ó kù ní pípé. Ẹ̀kẹrin, kí ohun tí a ó fi rẹ́ ẹ má ṣe le ju ògiri lọ. Àwọn onímọ̀ a máa yan ẹfun tí a rí láti ara ìkarahun tàbí òkúta tí a jó, tí a pò mọ́ iyanrìn, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ilojo Bar ní Tinubu Square, Èkó, kọ́gbọ́n. Ọdún 1855 ni a kọ́ ọ. Ní ọdún 1956 a sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan, àti ìjọ tí ó ní ilé àlùfáà àtijọ́, yẹ ògiri wọn wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.