Ẹrù Ìdáàṣà Dé Òkè Òkun

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí onílé kò bá tíì lè relé, ilé a máa tọ̀ ọ́ lọ nínú àpò. Ohun tí à ń rí nìyí ní Ìdáàṣà, ìlú olókè 41, nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ sí Faransé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, àwọn ìyá ti kó ẹrù dé ẹnu-ọ̀nà rẹ̀: “Jọ̀wọ́, bá mi gbé e fún ọmọ mi.”

Kí ni ó wà nínú ẹrù náà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kólì? Gàrí, ẹ̀gúsí, ata gígún, kúlíkúlí àti irú. Ẹ̀lùbọ́ sì ni olórí wọn. Ẹ̀lùbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, a ó sá a sí oòrùn nígbà ọyẹ́ títí yóò fi gbẹ kanrangandan, kí a tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ro àmàlà ní Paris, làálàá ìyá rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Ọ̀nà Kútọnu tó nǹkan bí 200 kìlómítà, ṣùgbọ́n ibi tí ó rọrùn nìyẹn. Ọ̀ràn wà ní ẹnubodè òdìkejì òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fi wàràǹkàṣì àti iṣu tútù ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn aṣọ́bodè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bi ìyá kọ́. Àwa tí a mọ ìwé ni a kò sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ nísinsìnyí. Òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí èrò gbé ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ wa. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, iṣu tútù, ewébẹ̀ tútù àti èso kò lè wọlé láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Èso 5 péré ni òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lára wọn. Gàrí tí a ti yan àti ẹ̀lùbọ́ tí a ti lọ̀ kò sí lára ohun tí òfin yìí dè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ jókòó ti ìyá yín kí ó tó di ẹrù. Ẹ tú u wò lójú ẹni tí yóò gbé e, nítorí ẹni tí a bá bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sára àpò ní èdè méjèèjì: Yorùbá fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́, Faransé fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, bí ẹrù bá ti dé, ẹ tètè pe ilé, kí ìyá lè sùn.