Ẹyin Tí Ó Le Láìfojú Kan Iná

Bí a bá sọ fún ìyálé ilé kan pé ẹyin lè le láìsí iná àti láìsí omi gbígbóná, yóò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ní ọdún 1914, Ọ̀gbẹ́ni P. W. Bridgman, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, fi funfun ẹyin sínú ihò irin tí ó nípọn, ó sì fún un pọ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Agbára tí ó lò tó ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 7 lórí ibi tí kò ju èékánná ìka lọ. Nígbà tí ó ṣí i, funfun náà ti le bí èyí tí a sè.

Jíjò ni ó ti ń dààmú àwọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ tó ni omi ń wá ọ̀nà àtijáde. Bridgman ṣe ìdérí irin tí ó ní ìrù, ó sì fi rọ́bà yí ìrù náà ká. Nítorí pé orí ìdérí náà gbòòrò ju rọ́bà tí ó tẹ̀ lé lórí lọ, ìfúnpọ̀ inú rọ́bà a máa ju ti omi lọ nígbà gbogbo. Bí omi bá ti ń fi agbára wá ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni òun tìkára rẹ̀ ń dí ọ̀nà náà. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀! Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó pààlà fún un mọ́ bí kò ṣe líle irin. Ní ọdún 1937 ó ròyìn yìnyín tí ó gbóná ju omi híhó lọ tí kò sì yọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1946.

Kí ni èyí kan àgbẹ̀? Funfun ẹyin kún fún fọ́nrán tín-ín-tìn-ín tí ó ká jọ bí òwú. Iná a máa tú wọn, wọn a sì lọ́ mọ́ ara wọn. Ìfúnpọ̀ ńlá a máa ṣe bákan náà. Irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ wà nínú ara àwọn kòkòrò tí ń ba oúnjẹ jẹ́, nítorí náà ìfúnpọ̀ a máa pa wọ́n, adùn èso kò sì bàjẹ́. Ṣáájú Bridgman pàápàá, ní ọdún 1899, Ọ̀gbẹ́ni Bert Hite ní West Virginia ti fún wàrà pọ̀ báyìí, kò sì tètè kan. Ní ilẹ̀ Japan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta jáàmù èso tí a ṣe lọ́nà yìí ní ọdún 1990.

Ṣùgbọ́n kíyèsí i: àwọn kòkòrò kan a máa sá wọ inú èèpo líle, ìfúnpọ̀ nìkan kì í sì í pa wọ́n. Wọn kì í lè hù nínú ohun tí ó kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Nínú ẹ̀fọ́ àti wàrà, wọ́n lè hù. Nítorí náà ni a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sínú òtútù títí di ọjọ́ tí a ó jẹ ẹ́.