Ìpara ń pọ̀ sí i, ara ọmọ ń yún sí i: kí ló wà nínú ike náà?

Ẹni tó bá ti ṣe epo pupa rí ní Tchaada mọ̀ pé omi nìkan kì í mú epo kúrò lọ́wọ́. Àfi kí ọṣẹ kàn án. Ọṣẹ a di epo mú lápá kan, a di omi mú lápá kejì, àwọn méjèèjì a sì jọ ṣàn lọ.

Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìpara oníke tí à ń rà lọ́jà. Omi àti òróró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọn kì í sì í gbé pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń fi asopọ̀ sí i, èyí tí Faransé ń pè ní émulsifiant.

Awọ ara wa náà ní ọ̀rá tirẹ̀, tí kì í jẹ́ kó gbẹ. Asopọ̀ tó bá le lè máa fọ ọ̀rá yìí lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí awọ rẹ̀ lágbára lè má mọ̀ rárá. Ọmọ tó ní eczéma ló máa ń jẹ̀yà rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìpara kan tó ń jẹ́ aqueous cream tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 2013, MHRA, àjọ tó ń mójú tó oògùn níbẹ̀, kìlọ̀ pé ó lè máa ta wọ́n lára, pé ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ asopọ̀ inú rẹ̀, sodium lauryl sulfate, ló fà á. Ẹ ò rí nǹkan! Ara ń yún ọmọ, ìyá ń fi ìpara pa á, ó tún ń yún sí i.

Kì í ṣe gbogbo asopọ̀ ló burú o. Lecithin wà nínú pupa ẹyin, òun ló ń so mayonésì pọ̀, kì í sì í sábà yọ ara lẹ́nu.

Ẹ yí ike náà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. "Aqua" ni omi. Bí ẹ bá rí sodium lauryl sulfate nínú ìpara, ẹ má fi pa ọmọ tí ara ń yún. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kà. Ìpara tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá fún ọjọ́ mélòó kan ná.

Ògidì òrí àti àdín kò lómi nínú, wọn ò nílò asopọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí rò pé ọṣẹ dúdú kò lè ta awọ ẹlẹ́gẹ́. Ọṣẹ lòun náà. Bí ojú ibẹ̀ bá ti ń ṣomi tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ pa ìpara tì, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.