Ìwé Alùpùpù Àtijọ́: Ẹ Má Jù Ú Nù

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀kadà tó ń gbé èrò kiri, bí kò ṣe àwọn alùpùpù àtijọ́ tí kò wọ́pọ̀ mọ́, tí àwọn kan nínú wa ń tọ́jú sínú gáréèjì tí inú ìyàwó ilé kò sì dùn sí i. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, nítorí náà ìwé wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe irin.

Ní Manchester tiwa níbí, ní Hulme, ni wọ́n ti ń ṣe alùpùpù kan tó ń jẹ́ DOT. Harry Reed tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fi ọ̀kan nínú wọn gba ipò kìíní láàárín àwọn onísílíńdà méjì nínú ìdíje TT ní Isle of Man ní 1908. Wọ́n ní "Devoid of Trouble" ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún, ìyẹn ni pé kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ ta alùpùpù àtijọ́ láàárọ̀ òtútù ló mọ bóyá òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ogun Hítílà, ẹ́ńjìnnì Villiers láti Wolverhampton ni DOT máa ń rà. Francis-Barnett, James àti Greeves náà lo Villiers. Ẹ ríi pé ìwé méjì ni ẹ nílò: ti alùpùpù fúnra rẹ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì. Inú epo bẹntiróò ni wọ́n ń po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí mọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín á gba àdúgbò; bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ìwé ló mọ iye rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀tì rẹ̀, sípánà tí ẹ fi ń tú Toyota kò bá a mu rárá.

Bí ìwé bá sọnù ńkọ́? BSA ti Birmingham, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa nílé, kógbá sílé ní àwọn ọdún 1970. Ilé iṣẹ́ Triumph ní Meriden tì pa ní 1983. Ìwé ìtúnṣe Haynes tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀, 1966 ni àkọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ní 2020 wọ́n ní àwọn kò ní tẹ tuntun sórí bébà mọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Láti oṣù Karùn-ún 2018, alùpùpù tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò yí padà púpọ̀, kò pọn dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT mọ́. Inú wa dùn, owó dúró sápò. Àmọ́ níbi MOT yẹn ni wọ́n ti ń bá wa kọ iye máìlì sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ta ló ń kọ ọ́ báyìí? Àfi ẹ̀yin fúnra yín.

Bàbá kan nínú wa, mi ò ní dárúkọ, jáde láyé, ó fi DOT kan sílẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe ìnáwó ogójì ọjọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dé, ó ní òun ló ni alùpùpù yẹn, Bàbá kàn ń bá òun tọ́jú rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ yọ V5C jáde, orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀. Àmọ́ DVLA fúnra wọn tẹ̀ ẹ́ sára ìwé yẹn pé kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ló ni ọkọ̀. Wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣírò ogún, ni mo bá bá ìjà nílé. A tú ilé títí. Nínú agolo bisikíìtì, lábẹ́ òwú ìránṣọ Ìyá, la ti rí rìsíìtì: ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà férémù, àti ọwọ́ ọ̀rẹ́ náà gan-an tó fi tà á fún Bàbá. Ó wò ó pẹ́, ó ní òun ti gbàgbé. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó ti pẹ́ lóòótọ́.

Abẹ́ rìsíìtì yẹn ni ìwé kékeré kan wà tí Bàbá fi ń ṣe lẹ́jà: ọjọ́, máìlì, ohun tó ṣe, ẹni tó ṣe é, iye tó ná. Kò kọ́ ìṣirò owó, àmọ́ ó mọ́ ju lẹ́jà àwọn kan tí mo ti yẹ̀ wò lọ! Orí ni ọ̀gá mẹkáníìkì wa nílé ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ọjọ́ tí ọ̀gá bá sì lọ, ó parí.

Ẹ ṣe bíi ti Bàbá. Ẹ kọ irú epo tí ẹ ń rà pẹ̀lú, torí láti oṣù Kẹsàn-án 2021, E10 ló wọ́pọ̀ ní ilé epo níbí, ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì lè ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìlò kan fún gáréèjì, tí ọwọ́ ọ́ìlì lè kàn. Kí ojúlówó wà nínú ilé, kì í ṣe òkè àjà tí òjò Manchester ń jò sí. Ẹ yọ pín-ìn-nì kúrò, ó máa ń dípẹtà. Lógbúùkù àtijọ́ tó so nọ́ńbà àwo mọ́ nọ́ńbà férémù, ẹ má fi ṣeré rárá: bí nọ́ńbà ọkọ̀ kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà DVLA, òun ni wọ́n máa béèrè lábẹ́ ètò V765 kí wọ́n tó dá nọ́ńbà yẹn padà fún yín. Ẹgbẹ́ Vintage Motor-Cycle Club, tó ti wà láti 1946, ní ilé ìkàwé tó lè ran ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ní ìwé tí kò mọ ohun tó jẹ́, kó mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, ká jọ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé nìkan o. Kò sáàyè fún alùpùpù nínú gbọ̀ngàn.